ÌTỌ́JÚ ILÉ: Ìṣó Tí Ó Yẹ Irin Àgbékọ́

Púpọ̀ nínú àwọn ará wa tí ó tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ni ó ní ìloro onípákó lẹ́yìn ilé wọn, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní deck. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò nígbà ooru, bí a bá sì ń sọ ọmọ lórúkọ, ogójì ènìyàn lè dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin olórí ilé sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí nípa ohun kékeré kan tí ó fara sin lábẹ́ pákó wọnnì.

Igi ìdábùú ni ó gbé pákó ró. Orí àwọn igi wọ̀nyí a máa jókòó sínú àwo irin tí a tẹ̀ bí àpò, tí a kàn mọ́ igi gbọọrọ tí ó wà lára ilé. Irin àgbékọ́ ni àwa yóò máa pè é. Joist hanger ni kí ẹ bèèrè ní ìsọ̀. Irin náà lágbára, ṣùgbọ́n kò lè gbé ju ohun tí ìṣó rẹ̀ lè gbé lọ. Bí ìṣó bá gé, àti irin àti igi ni yóò jọ wá sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa mú sukúrù yòówù tí ó bá wà nínú àpótí, nítorí pé ó rọrùn láti yí wọlé, ó sì di igi mú ṣinṣin. Òótọ́ ni pé kì í tètè fà yọ. Ṣùgbọ́n ẹrù orí ìloro kì í fa ìṣó; ńṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá, bí ẹni tí ó fẹ́ gé e sí méjì. Sukúrù lásán tín-ín-rín, ó sì le gan-an. Kì í tẹ̀, kíkán ni í kán, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣó gidi a kọ́kọ́ tẹ̀ ná. Ìṣó òrùlé pẹ̀lú kò yẹ: orí rẹ̀ fẹ̀, ó ń tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò nípọn, ó sì kúrú.

Èwo ni kí a lò nígbà náà? Èyí tí ẹni tí ó rọ irin náà kọ sínú ìwé rẹ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣó oní-íǹṣì 3 tí ó nípọn tó 0.148 íǹṣì ni, tàbí oní-íǹṣì 3½ tí ó nípọn tó 0.162. Sukúrù kan wà tí a ṣe fún irin àgbékọ́ nìkan, tí ọrùn rẹ̀ nípọn. A lè lò ó bí ìwé náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ihò tí a bá ní kí a kàn ni kí a kàn. Káfíńtà tí ó fi méjì sílẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú kò ṣe wá lóore. Ní ti ihò ẹ̀gbẹ́ tí ó dà gẹ̀rẹ́, ìṣó rẹ̀ ní láti gba inú igi ìdábùú kọjá kí ó sì wọ igi ara ilé. Oní-íǹṣì 1½ kò lè dé ibẹ̀ láéláé.

Ó ku ti dídógùn-ún. Títí di òpin ọdún 2003, oògùn tí ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ igi ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà. Bàbà inú àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, bàbà yìí pẹ̀lú ọ̀rinrin a sì máa jẹ irin lásán. Nítorí náà, kí ẹ ra ìṣó àti irin àgbékọ́ tí a rì bọ inú síǹkì gbígbóná. Ara ìṣó bẹ́ẹ̀ a máa rí ṣákiṣàki. Èyí tí ó ń dán gbinrin, síǹkì rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni. Létí òkun, stainless, irin tí kì í tètè dógùn-ún, ni ó dára jù bí ó tilẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kí ìṣó àti irin jẹ́ irú kan náà, nítorí ìṣó stainless a máa ba irin onísíǹkì jẹ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2003, ìloro onígi kan wó nígbà àríyá ní Chicago, ènìyàn 13 sì kú. Àwọn aláṣẹ ìlú náà sọ pé a kọ́ ọ láìgba ìwé àṣẹ, àti pé igi rẹ̀ kò tóbi tó. Ẹ má ṣe ka owó ìwé àṣẹ sí òfò.

Ẹni tí ó ra ilé tí ìloro ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Orí ìṣó tí ihò rẹ̀ rí bí àgbélébùú, sukúrù lásán ni, pàápàá bí ó bá dúdú. Kí a pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi igi ti ìdábùú lábẹ́ kí a tó yọ èyíkéyìí.