A Kì í Tú Ẹ́ńjìnnì Nítorí Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ

Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé wa ni mo fẹ́ sọ. Ó ti di ohun tí a kò lè ṣe aláìní: òun ni àwọn ọmọ fi ń múra ìdánwò JAMB, òun ni a fi ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá nílé. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, a ó ti sanwó, WiFi yóò sì máa wọ́ bí ìgbín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nígbà náà ni mo lòdì sí. A ó ra dátà kún dátà. Bí kò bá yá síbẹ̀, a ó ra rọ́tà tuntun. Òmíràn yóò tilẹ̀ sanwó fún ẹnì kan kí ó wá fi búsítà sí i. Awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tú ẹ́ńjìnnì nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà ní Òṣòdì. Yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ṣé mọ́tò ni, àbí ọ̀nà ni?

Ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kí ó tó dé ọwọ́ wa. Èkínní ni láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń tà á, yálà láti orí òpó nẹ́tíwọ̀kì tàbí nínú wáyà, títí dé inú rọ́tà. Èkejì ni láti inú rọ́tà, gba inú afẹ́fẹ́, títí dé inú fóònù wa. Èkejì yìí nìkan ni ó ń jẹ́ WiFi. Bí a kò bá mọ èyí tí ó dí nínú méjèèjì, inú òkùnkùn ni a ń sọ òkò owó wa sí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju dátà díẹ̀ lọ. Kí gbogbo ará ilé pa WiFi fóònù wọn, kí ó ku ẹyọ kan. Ẹ mú ẹyọ kan náà sún mọ́ rọ́tà, ẹ ṣí Fast.com, kí ẹ sì kọ iye tí ó bá sọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí yàrá tí ó ti máa ń wọ́, kí ẹ tún un ṣe.

Bí ó bá yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà, tí ó sì ń wọ́ nínú yàrá, inú ilé ni ẹ̀bi wà, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ń gbé rọ́tà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Irin, dígí ìwojú, omi inú táńkì àti ògiri búlọ́ọ̀kù a máa dí i lọ́nà. Ẹ gbé e sókè, sí gbangba, sí àárín ilé. Ọ̀pọ̀ rọ́tà ìsinsìnyí ní ìgbì méjì. 2.4 GHz a máa la ògiri kọjá, a sì máa jìnnà, ṣùgbọ́n kò yára, èrò sì pọ̀ lórí rẹ̀. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n kì í jìnnà. Ẹni tí ó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rọ́tà, 5 ni kí ó lò. Ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí rọ́tà mẹ́wàá wà lábẹ́ òrùlé kan, ẹ yí nọ́ńbà channel ti 2.4 sí 1, 6 tàbí 11, nítorí àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn. Ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Aládùúgbò tí ó mọ̀ ọ́n lè máa wo bọ́ọ̀lù lórí owó yín.

Bí ó bá ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà pẹ̀lú, ẹ fi WiFi sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iye dátà tí ó kù, nítorí ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní aláìlópin ní ìwọ̀n kan, tí a bá ti lò ó tán, wọn a dín eré rẹ̀ kù. Bí rọ́tà yín bá ń lo SIM, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé tí ó kọjú sí òpó, bí ibẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ àárín ilé. Ohun tí rọ́tà kò rí gbà, kò lè pín in. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ tún un ṣe ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ó bá ń sáré ní ìdájí, tí ó sì ń wọ́ lálẹ́, a jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù lórí òpó náà. Kò sí búsítà tí ó lè wo ìyẹn sàn. Ẹni tí ó ń ta ọjà ju ohun tí òpó rẹ̀ lè gbé lọ ni ó ni ẹ̀bi.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò wọn pẹ̀lú. Mbps tí wọ́n ń kọ sára pátákó ìpolówó, bit ni. MB tí a fi ń wọn fáìlì, byte ni. Bit 8 ni ó wà nínú byte 1. Ẹni tí ó ra 10 Mbps, 1.25 MB ni yóò máa rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ohun gbogbo bá tilẹ̀ dára. Ó dà bí ẹni tí ó ka kìlómítà sí máìlì.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú èyí? Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí a fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tí ń bójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, yọ̀ǹda fún àwọn ilé iṣẹ́ náà láti fi owó lé owó wọn títí dé ìdá 50 nínú 100. NLC tako o nígbà náà. Bí a bá lè jà lórí iye owó, ẹ jẹ́ kí a jà lórí ohun tí owó náà rà pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn ilé iṣẹ́ náà ní ìṣòro tiwọn. Wáyà a máa já lábẹ́ òkun, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dákú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí ń la títì a máa gé wáyà abẹ́ ilẹ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ wa kì í san owó iṣẹ́ tí a kò ṣe. Èéṣe tí àwa yóò fi máa san owó eré tí a kò rí?

Àbá mi ni pé kí akọ̀wé ẹ̀ka wa ṣí ìwé kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa kọ ọjọ́, aago, àdúgbò, ilé iṣẹ́ tí ó ń sanwó fún, àti iye tí ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́tà. Ilé iṣẹ́ náà ni kí a kọ́kọ́ fi sùn, kí a sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, kí a pe NCC lórí 622, tí ìpè rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí lẹ́tà ẹ̀ka sì tẹ̀lé e. Bí ẹnì kan bá pè, wọ́n lè sọ pé fóònù rẹ̀ ni kò dára. Ogójì ọmọ ẹgbẹ́ ní àdúgbò kan, tí wọ́n ti yẹ ilé wọn wò, tí àkọsílẹ̀ wọn sì bára mu, wọn kò lè fi irú èsì bẹ́ẹ̀ lé wọn padà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ má ì tíì ra rọ́tà ní oṣù yìí. Ẹ mú bírò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀.