Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹni Tó Sanra Ni Wọ̀bìà

Bí obìnrin tó sanra bá fẹ́ wọ dánfó ní Òṣòdì, kọ̀ndọ́ á ní kó san owó èèyàn méjì, gbogbo ọkọ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Lójú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Lọ́dún 2013, Jeffrey Gordon àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ìlú St. Louis, Amẹ́ríkà, wá àwọn ìbejì tí ọ̀kan sanra, tí èkejì pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n mú bakitéríà inú ìgbẹ́ wọn, wọ́n fi sínú àwọn eku tí wọ́n tọ́ láti ìbí láìsí kòkòrò kankan ní ìfun wọn. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo eku ń jẹ, síbẹ̀ àwọn tó gba ti ìbejì tó sanra ló ń kó ọ̀rá jọ. Wọ́n wá kó wọn papọ̀. Eku a máa jẹ ìgbẹ́ ara wọn (ẹ forí jì mí bó bá jẹ́ orí oúnjẹ lẹ wà), bakitéríà eku pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì wọ inú èkejì, kò jẹ́ kó sanra mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ wọn kún fún fáíbà (okùn inú èso àti ewébẹ̀), tí ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀, nìkan lèyí ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn lóúnjẹ ọlọ́ràá tí èso àti ewébẹ̀ ò tó nínú rẹ̀, bakitéríà rere ò ríbi dúró sí.

Eku kì í ṣe èèyàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n fáíbà tí ikùn tiwa náà ò lè dà, bakitéríà ló ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń pèsè ásíìdì tó ń mú kí ìfun tú họ́mọ́ònù jáde. Họ́mọ́ònù yẹn, pẹ̀lú iṣan gígùn tó so ikùn mọ́ ọpọlọ, ló ń ránṣẹ́ sókè pé a ti yó. Ẹni tí kò jẹ fáíbà, iṣẹ́ tó ń dé ọpọlọ rẹ̀ lè má tó.

Kí ni wọ́n wá ń tà fún ẹni tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì? Gálà, bisikíìtì, búrẹ́dì funfun, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tó jí kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì padà lálẹ́, ibo ló ti fẹ́ rí ewédú jẹ?

Òṣòdì kan náà sì ni FIIRO wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956. Ibẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Akínrẹ̀lé ti ṣèwádìí bí bakitéríà ṣe ń mú kí pákí kan kó tó di gààrí. Bakitéríà náà ló ń mú kí ògì kan, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí máa mu omidùn, omi orí ògì, bí omi o! Ògì tó bá ti jinná, iná ti pa bakitéríà inú rẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni ká máa fi bọ́ àwọn bakitéríà tó wà nínú wa.

Lọ́dún 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà mẹ́wàá lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Náírà márùn-ún nìyẹn lórí ìgò 50cl. Owó yẹn ò lè lé ọmọdé sẹ́yìn nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ẹ fún àwọn ìyá ẹlẹ́wà àti aláṣáró ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní àyè gidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, kí ẹ sì dín owó ìsọ̀ wọn kù.