Fóònù Tòkunbọ̀: Ẹ Béèrè Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Láti ọwọ́ ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ aláṣọ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ ọjà tí a ò tíì gbá. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í fi fóònù ṣeré. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á ní ìlà wa. Nígbà tí àwọn fóònù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà dé, mo tún rà. "Ìyá Fóònù" ni wọ́n ń pè mí. Bí fóònù ẹnikẹ́ni bá ta kú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e wá kí wọ́n tó lọ bá àwọn ọmọ tó ń tún un ṣe. Nítorí náà, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn aláta wa ra fóònù tòkunbọ̀ kan. Ó ń dán gbinrin, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ti lò ó rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí ọmọ òun bá òun gbé ètò báǹkì sórí rẹ̀ kí oníbàárà lè máa fi owó ránṣẹ́. Fóònù ní òun ò gbà, ètò inú òun ti dàgbà jù. Ó dá a padà fún ẹni tó tà á fún un. Onítọ̀hún ní, "Ìyá, ṣé kò tan ni? Ṣé kò pè ni?" Òótọ́ ni, ó ń tan, ó ń pè. Owó ti lọ. Ohun tí a kò béèrè ni wọn ò sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fóònù ní ara, ó sì ní ọpọlọ. Ara rẹ̀ ni gíláàsì, bátìrì àti àwọn nǹkan inú rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ni ètò tí àwọn tó ṣe é kọ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní software. Àwọn tó ṣe é a máa fi àtúnṣe ọpọlọ yìí ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Òun ni àwọn ọmọ wa ń pè ní update. Ó ń dí ihò tí olè lè gbà wọlé, ó sì ń kọ́ fóònù ní iṣẹ́ tuntun.

Èmi fẹ́ràn update, mi ò ní purọ́. iPhone tí Apple gbé jáde lọ́dún 2007, bó ti wọ́n tó yẹn, ẹ ò lè da ọ̀rọ̀ kọ láti ibì kan kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Update ọdún 2009 ló kọ́ ọ. Fóònù Android àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, bọ́tìnì tó ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Update ọdún 2009 ló gbé lẹ́tà sójú gíláàsì. Fóònù tí ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ ló ń dáa sí i yẹn o. Èwo nínú ọjà tiwa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àǹkárá tí mo bá tà fún yín lónìí kò lè di léèsì lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe é. Kódà iPhone, ọdún 2011 ló tó lè gba update láìfi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2009, mo gbé fóònù mi lọ sí kàfé kan kí wọ́n bá mi ṣe update. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò tíì dé ìdajì, iná lọ. Kọ̀ǹpútà kú, fóònù náà kú, kò sì jí mọ́ títí dòní. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo àwọn tó gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ mi wà pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ. Àwọn olóòótọ́ wá san. Àwọn yòókù ní àwọn ti san tipẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n? Mo pa ẹnu mọ́, mo lọ ra ìwé àkọsílẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù náà kò mọ́ tónítóní. Lóṣù kẹrin ọdún 2012, wọ́n gbé Nokia Lumia 900 jáde ní Amẹ́ríkà. Lóṣù kẹfà ọdún náà, Microsoft kéde pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò ní gba Windows Phone 8 tó ń bọ̀. Oṣù méjì péré! Lóṣù kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn fi update dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù. Wọ́n ní kí fóònù má baà máa kú lójijì ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ni fóònù? Lọ́dún 2018, ìjọba Ítálì bu owó ìtanràn lé Apple, mílíọ̀nù 10 yúrò, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 5 yúrò lé Samsung, nítorí update tó sọ fóònù àwọn èèyàn di aláìlera. Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Ìdí rèé tí àwọn kan nínú wa fi ń sọ pé, "Èmi ò ní ṣe update kankan láéláé." Mo gbọ́ yín. Ó ń jẹ dátà, dátà sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí WhatsApp. Lọ́dún 2017, ó kúrò lórí àwọn Nokia àtijọ́ àti BlackBerry àtijọ́. Lóṣù kejì ọdún 2020, ó kúrò lórí Android 2.3. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lórí WhatsApp, tí fóònù rẹ̀ sì wà nínú wọn, ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tì yẹn láìlo kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó kọ update kò dá ọjọ́ dúró.

Ohun tí mo rò rèé. Kí a má gbà á bí ẹní gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, kí a má sì kọ̀ ọ́ bí ẹní kọ májèlé.

Èkíní, ẹ béèrè ọjọ́ orí fóònù kí ẹ tó sanwó. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá About phone. Ẹ wo nọ́ńbà Android tó wà níbẹ̀, ẹ sì wo ọjọ́ tí ó gba àtúnṣe ààbò kẹ́yìn. Bó bá ti ju ọdún méjì lọ, ẹ dín owó tí ẹ fẹ́ san kù, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Èkejì, kí ẹ tó ṣe update ńlá, ẹ sáàjì bátìrì kún, ẹ da ohun inú fóònù kọ síbòmíràn, ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó di alẹ́.

Ẹ̀kẹta, gbèsè oníbàárà, inú ìwé ni kí ó wà. Fóònù lè ràn án lọ́wọ́, kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, mo bẹ ẹgbẹ́ wa. Kí á pe àwọn ọmọ tó ń ta fóònù nínú ọjà wa, kí á ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà Android àti ọjọ́ àtúnṣe tó kẹ́yìn sórí rìsíìtì. Kì í ṣe ìjà. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2025, pé fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí update gbà fún ọdún 5, ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ títa rẹ̀ dúró. Àwọn fóònù ibẹ̀ náà ló ń bọ̀ wá di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí wọ́n bá lè bi ilé iṣẹ́ ńlá léèrè níbẹ̀, ṣé àwa ò lè bi ọmọ tó wà ní ìlà kẹta léèrè ni?

Aláta kì í ra ata kó má tú u wò. Ẹ̀yin náà, ẹ tú fóònù wò.

Ire o.