Owó Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Owó Ṣíà

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò sọ tán ní ìpàdé tí ó kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà n kò lè dákẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa dìde, ó ní kí a mú owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní báńkì, kí a fi ra ìpín okòwò, èyí tí a ń pè ní ṣíà, ní ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ń ṣe iṣẹ́ RFID. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n àáké tí ó fẹ́ lò kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹgbẹ́ ni.

Kí ni RFID? Àmì pẹlẹbẹ kan ni, tí ẹ̀rọ bíńtín àti irin tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kò ní bátìrì. Bí ẹ̀rọ tí ń kà á bá rán ìgbì rédíò sí i, agbára ìgbì náà ni yóò jí i, yóò sì fi nọ́ńbà rẹ̀ dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ní Kantin Kwari ní Kánò, ẹ rò ó wò: kí ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù, kí ẹ sì mọ iye aṣọ tí ó wà nínú gbogbo páálí láìtú ọ̀kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà láti 2007. Àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà nínú wa ń gbé e lọ. N kò bá iṣẹ́ náà jà. Iṣẹ́ rere ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere yàtọ̀ sí ṣíà rere. Ní 2003, Walmart, ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, sọ fún 100 tí ó tóbi jù nínú àwọn tí ń kó ọjà fún un pé láti oṣù kìíní 2005, kí wọ́n máa lẹ àmì yìí mọ́ páálí ọjà wọn. Àwọn ènìyàn rò pé owó ti dé. Owó kò tètè dé. Àmì náà wọ́n, omi àti irin ń dí i lọ́wọ́, àwọn tí ń kó ọjà sì ń lọ́ra. Ilé-iṣẹ́ Alien Technology fẹ́ ta ṣíà fún gbogbo ènìyàn ní 2006. Ní ọdún kan náà ni ó pa ètò náà tì. VeriChip, tí ń ṣe èyí tí a ń fi sí abẹ́ awọ ènìyàn, ta ṣíà tirẹ̀ ní 2007. Nígbà tí ó fi di 2010, ó ti dáwọ́ títa ọjà náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Impinj ti ìlú Seattle, tí ọ̀dọ́ wa ń yìn. Ní oṣù keje 2016, dọ́là 14 ni ṣíà rẹ̀ kan. Ní 2017, ó kọjá 50. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ó wálẹ̀ ju 14 tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní 2024, ó kọjá 200. Ní oṣù kẹrin 2025, ó já wálẹ̀ ju 80 lọ. Ọ̀dọ́ wa sọ ti 2024 fún wa, kò sọ ti 2018. Ẹni tí ó lè dúró ọdún mẹ́fà lè jèrè. Owó ilé-ìwé kì í dúró ọdún mẹ́fà. Ká ní a fi owó àwọn ọmọ ra á ní 2017, tí owó ilé-ìwé wá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, kí ni à bá sọ fún àwọn ìyá wọn?

Mo gbà pé òótọ́ kan wà lẹ́nu ọmọ náà. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kí ó máa wá ipò ara rẹ̀, owó tí a fi náírà pamọ́ ti fúyẹ́. Nítorí náà n kò ní kí ọ̀dọ́ má ra ṣíà. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó fi owó ara rẹ̀ rà á, owó tí kò ní wá fún oúnjẹ tàbí owó ilé. Kí ó mọ̀ pé Impinj gbára lé iṣẹ́ yìí gan-an, ṣùgbọ́n Avery Dennison tí ń ṣe àmì, àti Zebra tí ń ṣe ẹ̀rọ tí ń kà á, ní iṣẹ́ mìíràn tí ó lè gbé wọn dúró bí ti RFID bá dẹ̀. Kí ó sì lọ sọ́dọ̀ alágbàtà tí àjọ SEC ti fọwọ́ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí èrè kan pàtó fún un lóṣooṣù, kí ó sá. Ṣíà kì í ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá 2016. CBEX dojú dé ní oṣù kẹrin 2025. A mọ àwọn ilé tí ẹkún ti sọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ṣílè-ṣílè ni àwọn bàbá wa fi bẹ̀rẹ̀ owó yìí, kí ọmọ wa má baà jókòó sílé nítorí pé a kò sí nílé. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí owó ẹ̀kọ́ dúró níbi tí a ti lè rí i mú ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi orúkọ ẹgbẹ́ pe ènìyàn wá ra ṣíà. Ẹ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹ sì dìbò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àgbà Ọmọ Ẹgbẹ́.