Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin rere ni, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n òde ni ó ní kí á ti máa kó ẹ̀ṣọ́ bọ̀ wálé. Èmi gbà pé èdè kì í tipa àṣẹ dúró, iṣẹ́ tí a bá fi rán an ni ó ń mú un dúró. Ẹni tí ó bá sì ń wá ibi tí iṣẹ́ náà kò tíì tán, kí ó gba Ìdúmọ̀tà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n! Nígbà tí a bá ti kéde Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà, yálà láti fi ṣe ẹ̀yẹ fún Ọba tí ó wàjà tàbí ìjòyè tí ó papòdà, tàbí fún àjọ̀dún ńlá bí ti àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2017, kò sí ìga, ìyẹn ààfin àwọn ìjòyè Èkó, tí ìròyìn náà kì í ta jí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò bá ìga rẹ̀ jáde mọ̀ dájú pé agbádá funfun, akẹtẹ̀ àti ọ̀pámbàtà nìkan kò tó. Bí ó bá dé iwájú àgbà tí kò mọ bí a ti ń kí i, bí ó bá dé Ẹnu-Ọ̀wá tí oríkì ìga rẹ̀ há sí i lọ́nà ọ̀fun, ìtìjú náà kò mọ sí orí òun nìkan, ti gbogbo ìdílé ni. Nítorí náà ni yóò ṣe jókòó ti àgbà ilé, tí yóò máa ki oríkì náà, tí àgbà yóò máa tún un ṣe, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Máàkì wo ni ó lè mú ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo ẹ̀yìn wò. Láti 1882 ni òfin ẹ̀kọ́ àwọn amúnisìn ti so owó ìrànwọ́ ilé-ìwé mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, Èkó yìí kan náà ni Adéoyè Dẹ́níga ti gbé ìwé ìròyìn Èkó Àkéte jáde ní 1922, tí Akíntàn gbé Elétí Ọfẹ tẹ̀ lé e ní 1923, tí Isaac Thomas sì gbé Akéde Èkó jáde ní 1928. Ta ni ó fi òfin mú wọn? Ọ̀ràn ìlú ni, ọ̀ràn ìbò àti ti Ọba Èṣùgbàyí Elékòó tí ìjọba yọ lóyè ní 1925. Èkó ní ọ̀rọ̀ í sọ, Yorùbá ni ó sì fi sọ ọ́.

Àwọn kan yóò ní inú Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ wà, pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ yóò rẹ̀yìn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ti fún wọn lésì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí a bí ní àdúgbò yìí ní 1923, ni ó ṣe agbátẹrù ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí àwọn ọmọdé ti fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó dùn mí dé egungun pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọdé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Ohun tí àṣẹ gbé dìde, àṣẹ ni ó tún wó o.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; n kò ní kí á ti ilé-ìwé pa. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ilé-ìwé kó àwọn ọmọ lọ sí ìga, kí ìdánwò Yorùbá ní apá tí a ó fi ẹnu ṣe níwájú àwọn àgbà. Awo ń bẹ nínú Ẹ̀yọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí á tú u. Ṣùgbọ́n oríkì, ìkíni àti ìtàn bí a ti tẹ àdúgbò dó kì í ṣe awo. Ọmọbìnrin pẹ̀lú ní ìpín níbẹ̀, nítorí ẹnu àwọn ìyá wa ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú oríkì ìdílé wà. Owó tí à bá fi rán àwọn aṣàbẹ̀wò láti fìyà jẹ ilé-ìwé tí kò gbọ́ràn, kí á fi san owó oṣù fún àwọn ìyá wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó kéde Ẹ̀yọ̀ mìíràn.