Olórí Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ ní Àjò

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ léèrè pé kí ni iṣẹ́ olórí láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé òun ni í lu agogo, òun ni í kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀, òun ni í sì í to àwọn yòókù lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní òwúrọ̀. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, iṣẹ́ kan wà tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tí a kì í sì í sábà kà mọ́ iṣẹ́ olórí rárá. Iṣẹ́ náà ni láti rí i pé ẹni tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ lónìí kò padà sílé lọ́la láìparí ohun tí ó bá wá. Mo gbà pé níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti wà láàrin àwọn tí kì í ṣe irú rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ olórí lè ṣe iṣẹ́ yìí dáradára ju olùkọ́ àti ọ̀gá lọ. Mo sì gbà pé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì gbọdọ̀ di àjàgà sí ẹnì kan lọ́rùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí ó sì tún ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dà bí tiyín. Kò sí agogo tí ń lù fún un, kò sì sí ìdánwò ìparí sáà tí yóò fi hàn án bí ó bá ń lọ síwájú tàbí ó ń yí lójú kan. Ìwé àti ìwádìí ni ó ń bá gbé fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olùkọ́ kan tàbí méjì ni ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Bí ó bá wá jẹ́ pé òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹrù náà di méjì. Bí ó bá fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rù a máa bà á kí wọ́n má baà sọ pé ìran rẹ̀ kò mọ nǹkan. Bí ó bá dákẹ́, wọn a ní kò lóye. Bí àwọn yòókù bá péjọ ní ìrọ̀lẹ́ láti jíròrò lórí iṣẹ́ wọn, kò sí ẹni tí ó rántí láti pè é. Lọ́jọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di ẹrù rẹ̀ tí ó sì gba ilé lọ, àwọn ènìyàn a ní ìwé ni kò mọ̀. Bóyá ó mọ̀wé. Ọkàn rẹ̀ ni ó ti rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àsọdùn ni mo ń sọ. Ní ọdún 2008, àjọ tí ó kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ oyè gíga ilẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Ní àwọn yunifásítì tí wọ́n yẹ̀ wò, lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bí 55 nínú 100 aláwọ̀ funfun ọmọ ilẹ̀ náà ni ó ti gboyè. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 47 ni. Ẹ kíyè sí i pé iye méjèèjì kò wuyì. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí kò ní ẹlẹgbẹ́ púpọ̀ ni ó burú jù. Ẹ má sì gbàgbé pé gbogbo wọn ni a ti dán wò kí a tó gbà wọ́n wọlé. Kò sí ọ̀dẹ̀ nínú wọn.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ó ti wà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọmọ Yorùbá kan rí i ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wá nǹkan ṣe sí i. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ní 1922 ni ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò pẹ́ tí owó fi di ìṣòro fún un, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá kí ó lè rí owó jẹun. Ní ayé ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà lè máa lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kí onílé kàn wo àwọ̀ rẹ̀, kí ó sì ní yàrá ti tán. Ẹni tí kò rí ibi sùn, báwo ni yóò ṣe kàwé?

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ ilẹ̀ Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mọ́kànlélógún jọ, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni a ń pè é ní ìkékúrú, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò sì lè gbọ́ orúkọ náà kí ó má rántí wàásù. Ṣùgbọ́n wàásù nìkan kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ òtútù. Nítorí náà, ní 1929, Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta láti ìlú dé ìlú, ó ń wá owó tí wọn yóò fi ní ilé tiwọn. Ní 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní ojúlé 62, ní òpópó Camden ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó rẹ̀. Ọpẹ́olú aya rẹ̀ ni ìyá ilé, òun ni ó sì ń bójú tó oúnjẹ.

Kí ni ilé yìí ṣe tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò ṣe? Ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn ní ìwé. Ilé yìí fún wọn ní ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò lè fi àwọ̀ wọn lé wọn kúrò lórí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ dá wọn lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdánwò. Níbí, wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilẹ̀ wọn, wọ́n ń jiyàn láàrin ara wọn láìbẹ̀rù ẹ̀sín, ẹni tí ó ti mọ ọ̀nà sì ń fi han ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ènìyàn ni aṣọ mi, ni Yorùbá wí. Ní ilé náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ara wọn bora.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kún fún ẹ̀kọ́. Ní 1934, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìtìlẹ́yìn fún ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pè é ní Aggrey House. Ẹgbẹ́ WASU kò fẹ́ ẹ, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe dé ibẹ̀. Ibùsùn kọ́ ni wọ́n kórìíra. Wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ fi ilé náà máa ṣọ́ wọn ni. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ti òkè wá lè dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í tètè sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹni tí ó lágbára láti lé e jáde. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé iṣẹ́ yìí tọ́ sí olórí akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kan ọ̀gá.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tí ó fi hàn pé kì í ṣe inú ilé ìgbé nìkan ni irú ìbáṣepọ̀ yìí ti wúlò. Láàrin àwọn ọdún 1970, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Uri Treisman, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wá oyè gíga nígbà náà, ṣàkíyèsí ní yunifásítì California ní Berkeley pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń kùnà nínú ìṣirò tí a ń pè ní calculus. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n, àwọn mìíràn ní ilé wọn ni kò tọ́ wọn. Treisman tẹ̀ lé wọn wò, ó sì bá nǹkan mìíràn. Wọ́n ń kàwé takuntakun, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń dá kà nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ọmọ ìran Ṣáínà, tí wọ́n ń yege, ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀: lẹ́yìn tí olúkúlùkù bá ti gbìyànjú, wọn a péjọ, wọn a yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọn a sì tún àṣìṣe ara wọn ṣe. Nígbà tí Treisman kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti máa fi ìṣirò líle dán ara wọn wò pọ̀, èsì ìdánwò àwọn aláwọ̀ dúdú náà yí padà sí rere. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Ní Berkeley kan náà ni a ti dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí ń wá oyè gíga ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1989. Iṣẹ́ olórí nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ariwo púpọ̀. Òun ni yóò lọ pàdé àlejò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí yóò sọ fún un irú olùkọ́ tí ó ní sùúrù àti ọ́fíìsì tí a ti ń wá owó ìrànwọ́. Òun ni yóò jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ó bá rí i pé ẹnì kan kò yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ yunifásítì, òun ni yóò sọ ohun tí àwọn mìíràn ń sọ ní ìkọ̀kọ̀. Èrè wà nínú rẹ̀ fún òun náà: ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn kan ń wojú òun kì í tètè sá lọ. Bí ó ti ń di ẹlòmíràn mú ni ó ń di ara rẹ̀ mú.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olórí a máa gba ènìyàn lọ́wọ́ ìwé. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ ilẹ̀ Gánà méjì tí wọ́n ṣe olórí nínú WASU. J. B. Danquah jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ó sì tún ṣe àkóso ìwé ìròyìn rẹ̀. Síbẹ̀ ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1927. Kwame Nkrumah dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1945 pẹ̀lú èrò láti gba oyè kan náà, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ òṣèlú gbà á lọ́wọ́ ìwé, ó sì padà sílé ní 1947 láìgba oyè náà. Ayé kò ní sọ pé ìgbà Nkrumah ṣòfò, nítorí òun ni ó kó ilẹ̀ rẹ̀ dé òmìnira ní 1957. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá fi ìwé sílẹ̀ nítorí ẹgbẹ́ ni yóò di olórí orílẹ̀-èdè.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ààlà sí iṣẹ́ yìí. Ìkíní, kí ẹnì kan má ṣe ju ọdún kan tàbí méjì lọ nínú rẹ̀ kí ó tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìkejì, kí yunifásítì sanwó fún un, bí ó ti ń sanwó fún ẹni tí ń ran olùkọ́ lọ́wọ́. Àṣà kan wà tí kò dára: nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú kò bá pọ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ a fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn jókòó láàrin wọn, ẹni kan náà ni wọn yóò sì máa pè títí yóò fi pàdánù àkókò ìwádìí rẹ̀. A kì í tìtorí pé ẹṣin ń sáré kí a di ẹrù gbogbo ìlú lé e lẹ́yìn. Ìkẹta, kí àwọn ọ̀gá má ṣe fi olórí akẹ́kọ̀ọ́ bo ojú iṣẹ́ tiwọn. Owó ìrànwọ́ àti olùkọ́ tí kì í ṣe ojúsàájú, ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà. Ẹlẹgbẹ́ lè nu omijé. Kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka àròkọ yìí, ó lè jẹ́ pé àwọn kan nínú yín yóò lọ wá oyè gíga ní ìlú òkèèrè lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n kò dìgbà náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì yín, ẹnì kan wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú mìíràn dé, tí ahọ́n rẹ̀ kò jọ tiyín, tí ó sì ń dá jẹun ní ìsinmi ọ̀sán. Bí a bá fi yín jẹ olórí, kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó mọ orúkọ àwọn aláriwo. Bí sáà bá parí, kí a má ṣe bi olórí léèrè iye ọmọ tí ó fi jìyà. Kí a bi í léèrè pé: àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀, mélòó nínú wọn ni ẹ jọ parí?