Ìbọn Bar Beach Kò Pa Olè Run

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ọmọṣẹ́ káfíńtà ni mí l'Ékòó lọ́dún 1971 tí wọ́n yìnbọn pa Oyenusi ní Bar Beach. Mo wà láàrin èrò tó ń pàtẹ́wọ́. Òfin tí àwọn sójà ṣe ní 1970 ló ní kí wọ́n máa pa adigunjalè. A rò pé olè tán nìyẹn. Ṣé ó tán? Ní 1986 ńkọ́, tí Anini kò jẹ́ kí ará Bìní sùn?

Sójà ti lọ láti 1999, òfin wọn ò lọ. Àwọn gómìnà kì í sábà fọwọ́ sí i kí wọ́n pa ènìyàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó máa yí òfin náà padà ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní ọ̀rẹ́ olè. Ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún á wá jókòó sẹ́wọ̀n, kò kú, kò yè. Bí adájọ́ bá sì ṣìṣe, ta ni yóò jí òkú?

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ tún un yẹ̀ wò. Kí olè mọ̀ pé ọwọ́ á tẹ òun dandan, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà á.

Èmi ni,
Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.